Làálì àti Irun Òkúta

Ọjọ́ Àìkú, 3 oṣù kọkànlá 2024. Manigri.

Òjò ti lọ. Láti ọjọ́ mélòó kan, ìkùukùu kan ṣoṣo kò kọjá lórí ilé wa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Chérif pè mí láti Parakou lánàá. Ó ti gba àkòrí àpilẹ̀kọ mi: bí igi làálì àgbàlá wa ṣe ń fara da ẹ̀ẹ̀rùn, àti bí ewéko kékeré orí òkúta odò Bàbá Mamoudou ṣe ń fara dà á. Ọ̀kan ń yọ òdòdó títí gbogbo ilé á fi máa ta sánsán. Èkejì kò ní òdòdó, kò tilẹ̀ ní gbòǹgbò gidi kan. Mo ní kí n fi wọ́n wé ara wọn kí n wo èwo ló gbọ́n jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Madame Haniyyah, làálì wà níbi gbogbo. Èyí tí ẹ ya fótò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi yẹn ni mo fẹ́ fojú ara mi rí. N kò bá irú rẹ̀ pàdé ní apá Bassila rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú kí n tó dé."

Kó kú! Òun tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Mo sọ fún Ìyá, ìyá ọkọ mi. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, bó ṣe máa ń gbá a láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bóyá ìdọ̀tí wà o, bóyá kò sí. Ó nàró, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Irun òkúta yẹn? Òun lo fẹ́ fi gba másítà?"

Irun òkúta ni wọ́n ń pè é nínú ilé yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.

"Ó dáa náà. Ohun tí ewúrẹ́ pàápàá kì í jẹ ni ẹ̀yin alákọ̀wé ń lé kiri."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 oṣù kọkànlá.

Mo gun alùpùpù lọ sí oko Bàbá Mamoudou, àbúrò bàbá ọkọ mi, lọ́nà Doguè. Odò ti fà, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ńlá yẹn ṣì tutù. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irun òkúta náà. Ó rọ̀ bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Bàbá ti ń múra àtidáná sun koríko yí igi kajú rẹ̀ ká. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é lásìkò yìí, kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má bàa rí nǹkan jẹ nígbà tó bá dé. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí òkúta mi. Ó rẹ́rìn-ín.

"Dìde, ìyàwó wa. Ibi iṣẹ́ rẹ, iná mi ò ní débẹ̀. Èmi fúnra mi ni n ó dúró tì í."

Ó ya aṣọ funfun kan, ó so ó mọ́ igi láti fi ṣe àmì. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má sun koríko kọjá ibẹ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yìí.

Mo mú òkúta pẹlẹbẹ kan tí irun hù bò bọ̀ wálé, mo fi ewé iṣu wé e. Abẹ́ àmù ni mo gbé e sí, níbi tí omi ti ń kán tó-tó-tó.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kọkànlá.

Làálì ti yọ òdòdó. Nírọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ ń wọ inú yàrá débi pé Habibullah ọkọ mi ní òun rò pé mo ra tùràrí tuntun. Mo so òwú pupa mọ́ àwọn ẹ̀ka tí mo ń ka ewé wọn. Ìyá béèrè bóyá igi ni mo ń ṣe ní ìsọmọlórúkọ.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kọkànlá.

Ọyẹ́ dé. Ètè mi ti là.

Ọjọ́ Jímọ̀, 29 oṣù kọkànlá.

Gbogbo Jímọ̀ ni Ìyá ń fọ àmù. Eérú, kànrìnkàn, àti gbogbo agbára rẹ̀. Ó máa ń fọ àwọn òkúta abẹ́ rẹ̀ náà, á wá da ìdọ̀tí omi náà sí ìdí làálì. Lónìí, mo dúró wò ó kí n má bàa purọ́: ó yí òkúta mi po, kò fọwọ́ kàn án. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn adìyẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù kejìlá.

Mo gbé òkúta náà kúrò lábẹ́ àmù, mo gbé e sórí ògiri kúkurú ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Kò ní rí omi kankan mọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tí òùngbẹ bá mú un gan-an. Làálì náà, mo dá omi rẹ̀ dúró, àfi ìdọ̀tí omi Jímọ̀ ti Ìyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 oṣù kejìlá.

Làálì ti ń ráhùn. Ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, wọ́n ń já bọ́. Irun òkúta kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ká ara rẹ̀ jọ, ó di dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní ó ti kú.

Mo bu ègé kan bí èékánná, mo kán omi sí i lórí àtẹ́lẹwọ́. Kí n tó ka Fátíhà tán, ó ti na ara rẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé tútù. Mo pariwo fúnra mi. N kò tíì rí nǹkan tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ olùkọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kejìlá.

Bàbá Mamoudou fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Wọ́n gbé omi fún un, kò mu ún. Mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ṣe.

Iná àwọn ọdẹ ló ti òdì kejì odò wá. Igi kajú rẹ̀ kò jóná, nítorí ó ti sun abẹ́ wọn ṣáájú, iná kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo tí koríko ti ga, tó gbẹ, tó sì pọ̀, ni ibi tó fi sílẹ̀ nítorí mi. Ibẹ̀ ni iná náà jókòó sí. Igi ńlá yẹn jó, òkúta là sí méjì, aṣọ funfun di eérú.

"Ìyàwó wa, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kó koríko jọ fún un."

Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti òkúta lọ. Mo ní kò sí ohun tó ṣe, mo ti mú díẹ̀ wálé, òun ló ṣì wà lórí ògiri yẹn. Ó lọ wò ó. Ó rí nǹkan dúdú gbígbẹ yẹn, ó sì wojú mi. Mo rò pé ó gbà pé ṣe ni mo ń tu òun nínú. Ó wá mu omi náà.

Òkúta orí ògiri yẹn nìkan ló kù báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. N kò ní gbé e kúrò níbi tó wà: mo fẹ́ kó dé, kó bá a ní gbígbẹ, kí n wá da omi lé e níwájú rẹ̀. Ẹ wo bí n ó ṣe yangàn!

Ọjọ́ Jímọ̀, 27 oṣù kejìlá.

Mo lọ ọjà Bassila ra ẹja, àlùbọ́sà àti wàrà wàgásì fún oúnjẹ àlejò. Àlùbọ́sà ti gbówó lórí, mo jiyàn títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Mo padà dé lọ́sàn-án. Àgbàlá ń dán. Àmù ń dán. Ìyá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kúkurú, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọlé yìí ní ìyàwó.

"Wá wò ó. Mo ti bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Òkúta mi funfun báláú. Ó ti fi eérú àti kànrìnkàn bó o títí kan ihò tó kéré jù lára rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá, irun ẹ̀ ńkọ́?"

"Ṣé ìyẹn tó ti kú, tó ti dúdú? Mo ní ojú á tì ọ́ níwájú ọ̀gá rẹ. Báwo ni wọ́n á ṣe bá òkúta ìdọ̀tí nílé mi?"

N kò sọ fún un rí pé kì í kú. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní kọ́léèjì, n kò sọ ọ́ nílé. Mo ní ẹ ṣeun, Ìyá. Mo wọ yàrá, mo sunkún sínú ìrọ̀rí. Mo ń gbọ́ ọ níta tó ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún Djamilatou, aládùúgbò wa.

Habibullah ní kí n má tíì sọ òótọ́ fún Ìyá. "Jẹ́ kó jẹun alẹ́ ná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù kejìlá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá. Ó gbé òkúta náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó mú awò rẹ̀ jáde, ó fi wò ó. Kò sí nǹkan kan. Mo rò fún un bó ṣe jẹ́. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n ní èjìká. Èmi náà kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó sọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Mo lè dúró dè yín di ìparí oṣù kejì. Bí ẹ bá rí òmíràn, mo máa padà wá. Bí ẹ kò bá rí i, àkòrí yìí ti tán nìyẹn, ẹ máa mú tuntun lọ́dún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi làálì wé?"

Ìyá ń gbé iyán bọ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kí àlejò dáadáa, ó sì wọlé lọ. Kò jáde mọ́ títí ọkọ̀ fi lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù kejìlá.

Ìyá pè mí sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn Àsùbáà. "Ìyàwó mi, kí ló dé tí o kò gbá mi mú lánàá kí o bú mi?"

Mo ní, "Báwo ni mo ṣe lè bú yín? Ẹ fẹ́ kí iyì mi yọ ni."

"Kànrìnkàn yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ sínú iná."

"Ẹ má sọ ọ́ síná o. Kí lẹ máa fi fọ àmù?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ráyè dá a dúró. Mo jókòó tì í, mo sì wá ṣàlàyé irun òkúta fún un látòkè délẹ̀, bó ṣe ń gbẹ láìkú, bó ṣe ń jí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó jọ mí díẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 oṣù kìíní 2025.

Mo ti lọ sí odò méjì. Èkíní gbẹ kanlẹ̀. Èkejì, màlúù ti tẹ gbogbo etí rẹ̀ di ẹrẹ̀. Bàbá Mamoudou náà ń wá a kiri oko àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gbogbo nǹkan tútù tó bá rí ló ń kó wá fún mi. Lónìí, ó gbé ẹ̀fọ́ ẹ̀bọ̀lọ̀ dé. Mo dúpẹ́, mo sè é.

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù kìíní.

Lánàá ni wọ́n so yìgì Oumou, àbúrò ọkọ mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn obìnrin ti ya bo làálì mi láti já ewé tí wọ́n máa lọ̀ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ti nílé ìwé dé, mo bá igi náà ní ìhòòhò. Wọ́n já ti ẹ̀ka olówùú pupa náà. Djamilatou tiẹ̀ so ọ̀kan lára òwú náà mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ní ó yẹ òun.

Inú bí mi gan-an. Irun òkúta ti lọ, làálì tún lọ! Mo wọlé láti lọ bá wọn jà, ni mo bá Oumou lórí ẹní, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, làálì náà pọ́n dẹ̀dẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Aúntí, ti igi yín ni, ẹ wò ó bó ṣe pọ́n." Ìbínú mi ò rí ibi jókòó sí mọ́.

Lónìí, mo bẹ Ìyá pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe àlùwàlá nínú ilé yìí máa ṣe é ní ìdí làálì, kí omi lè dé ara rẹ̀, bóyá á tètè rúwé. Ó kéré tán, n ó mọ bó ṣe ń padà. Ìyá kò jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé àpótí ìjókòó àti búútà lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àlejò ìgbéyàwó kan tó gbé búútà gba apá ibòmíràn, Ìyá pè é padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kìíní.

Wọ́n ti ń sọ iye tí kajú máa jẹ́ lọ́dún yìí. Ẹnu wọn ò kò. Ọyẹ́ ṣì le.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kejì.

Làálì rúwé! Ewé tuntun rẹ̀ kéré ju ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń kọ mànà. Ibi tí wọ́n ti já ẹyọ kan, méjì ló ń yọ. Ṣé ó ti mọ́ ọn lára ni, pé kí gbogbo ayé máa já òun? Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì rí i pé inú mi dùn, àní bí kò bá sí másítà lọ́dún yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù kejì.

Mo parọ́. Inú mi ò dùn tó báyìí nígbà náà.

Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ lásìkò Àlàásárì. Ìyá ń ṣe àlùwàlá ní ìdí làálì. Mo gbọ́ tí búútà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Haniyyah! Haniyyah o! Má jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án! Wá wò ó!"

Mo sáré dé. Ìyá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì sókè, kò mọ ibi tó máa gbé e kà. Ní ìdí làálì, láàárín gbòǹgbò méjì tó yọrí síta, ilẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Mo kọ́kọ́ rò pé ewédò lásán ni. Mo dojú bolẹ̀ pẹ̀lú awò mi. Àwọn ewé wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ni, tó mú ní ṣóńṣó, tó ní irun funfun lórí. Òun ni. Òun gan-an.

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ àlùwàlá pẹ̀lú ìró mi.

Ìyá ní, "Ta ló gbé e wá síbí?"

Mo wò ó. "Ìyá, nígbà tí ẹ fọ òkúta yẹn, níbo lẹ da omi rẹ̀ sí?"

Ó wo kànrìnkàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù, ó wo ìdí làálì. Ègé rẹ̀ kan ti tó fún un láti tún bẹ̀rẹ̀, bó bá ti rí omi àti òjìji. Òjìji làálì wà níbẹ̀ ná, omi àlùwàlá sì tún dé.

"Ṣé èmi ni mo gbìn ín ni?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

Ó wá gbé ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀, sí ibi tó jìnnà.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kejì.

Mo fi fótò ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́jú nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kejì.

Bàbá Mamoudou wá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ṣoṣo kàn án. Ó béèrè bóyá òun lè fi ọgbà yí i ká. Èmi àti Ìyá pariwo pa pọ̀ pé rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì.

Mo jí ní Àsùbáà, nǹkan kan ò tọ̀nà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ ohun tí kò tọ̀nà: n kò gbọ́ ìgbálẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, ìró ìgbálẹ̀ Ìyá ló ń jí mi.

Mo jáde. Àgbàlá rí bí ọyẹ́ ṣe fi í sílẹ̀. Ewé gbígbẹ kún ibi gbogbo, ìgbẹ́ adìyẹ, èèpo iṣu àná. Ìyá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ àlejò, ó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ làálì, ó ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan.

Djamilatou yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Ìyá Habibu, ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le koko."

"Ẹ ò mà gbálẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹ ní àlejò?"

"Mo mọ̀," ni Ìyá wí. Mo rí i bí ojú ṣe ń tì í tó. Kò kúrò lórí ìjókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Ó gba àárín ewé gbígbẹ àti èèpo iṣu kọjá, ó kúnlẹ̀ tòun ti ṣòkòtò tó lọ̀, kò sì dìde fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun ni. Ó bu ìwọ̀n èékánná kan, ó gbàyè lọ́wọ́ Ìyá kó tó bù ú. Ó ní àpilẹ̀kọ mi ń tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n kí n fi orí kan kún un: yàtọ̀ sí bí mo ṣe ń fi wọ́n wé ara wọn, kí n kọ ohun tí ọ̀kan ń ṣe fún èkejì. Mo ní ó di dandan.

Ó jẹ iyán, ó jẹ wàgásì, ó tún bu ọbẹ̀ sí i. Kò wolẹ̀ rárá. Mo ń ṣọ́ ọ.

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yà sí títì, Ìyá ti di ìgbálẹ̀ mú. Ó gbá ẹnu ọ̀nà, ó gbá abẹ́ àmù, ó gbá gbogbo àgbàlá pẹ̀lú ìbínú ẹni tí wọ́n dá dúró látàárọ̀. Nígbà tó dé ibi tí òjìji làálì bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Ó fi ìgbálẹ̀ há abíyá, ó bu omi sínú búútà, ó sì jókòó láti ṣe àlùwàlá.